Rọ́fíà, Yí Ààlà Iṣẹ́ Náà Ká Kí O Tó Tún Un Ṣe

Ìbà, ọjọ́ Ẹtì

Àṣàkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà, nítorí náà mo kí ọ. Ṣé Abẹ́òkúta ń bá ọ lára mu? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo ti bi ọ́. Ó ṣì dúró sẹ́yìn mi, ó ń wò ó bóyá màá kọ ọ́.

Ó ti lọ báyìí.

Rọ́fíà, mo pariwo mọ́ ọ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú. O ní, “Dádì, ẹ ò mọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí,” o sì pa fóònù. Òótọ́ lo sọ. Mi ò mọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí o fẹ́ ṣe sí iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà, torí èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, mo sì ṣe ẹnìkan níbi nídìí ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ariwo ni màá tún pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Awakọ̀ kan láti Ìyànà Ìbà ń lọ sí Abẹ́òkúta láàárọ̀ ọ̀la, òun ni yóò mú un wá fún ọ.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́. Ilé ìwòsàn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ní kí o tún ètò àwọn ṣe, torí àwọn aláìsàn ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. O ní o ti rí ibi tí wàhálà wà: yàrá tí wọ́n ti ń gba káàdì. O ní obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti pé èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Ìyá Ṣadé, máa ń bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ wá síbi ìsọmọlórúkọ. O ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni o máa gbé ìwé náà síwájú àwọn ọ̀gá rẹ.

O ní ìyá yẹn ń sọ̀rọ̀ jù. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

O mọ̀ pé ìwé abúlé ni mo kà. Ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, kíláàsì mẹ́ta péré ló ní páànù lórí, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn tó kù. Bí a bá ti wọlé sáà tuntun, koríko gígé ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tíṣà wa á mú ọ̀pá gígùn kan, á fi wọn ilẹ̀, á ri èèkàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, á ní, “Èyí ni pọ́ṣọ̀n tìrẹ.” Mo lágbára, ara mi kì í sì í gba ìdúró. Lọ́dún kan, kí tíṣà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti fa àdá yọ. Mo gé, mo gé, mo ń kọrin. Nígbà tí tíṣà fi máa gbójú sókè, mo ti gé gbogbo ẹ̀gúsí tí ìyàwó rẹ̀ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Kò nà mí. Ó kàn wò mí, ó ní, “Ràṣídì, ọwọ́ rẹ yá ju ojú rẹ lọ.” Mo rò pé ó ń yìn mí. Mo fi inú dídùn ròyìn fún bàbá mi nígbà tí mo délé. Bàbá mi ló nà mí.

Ọwọ́ mi ṣì yá ju ojú mi lọ nígbà tí mo dé Èkó. Mi ò tíì pé ogún ọdún. Mo sọ̀ ní Ìyànà Ìbà pẹ̀lú báàgì kan àti ìyá rẹ tó lóyún rẹ. Títí dòní, bí èmi pẹ̀lú rẹ bá jọ rìn, àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Inú mi máa ń dùn sí i. Má sọ fún ìyá rẹ.

Ẹni tó gbà mí nígbà náà ni Bọ̀dá Làmídì, ọmọ Ìlaròó. Kò bá mi tan. Mo kàn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó wo ikùn ìyá rẹ, ó ní, “Ẹ ti jẹun?” Ní Alábà ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Íkẹ́, Ìgbò kan tó ń ta fíríìsà tòkunbọ̀. Iṣẹ́ Bọ̀dá Làmídì ni kó máa dán fíríìsà wò kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó dúró fún mi, ó sì kọ́ mi níṣẹ́ láti orí bí wọ́n ṣe ń di súkúrù.

O lè má mọ bí wọ́n ṣe ń ra fíríìsà tòkunbọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó fẹ́ rà á kò ní gbà pé ó dára títí yóò fi rí yìnyín. Á mú omi inú ọ̀rá kan, á jù ú sínú fíríìsà, á fa àga, á jókòó tì í. Bí omi bá ti dì gbagidi, ọjà ti tà nìyẹn. Àwọn kan á gbé omi dídì náà lọ sílé láti fi han ọkọ tàbí ìyàwó wọn. Àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀, èmi ni mo sì máa ń gbé e bọ̀ wálé fún ọ. O ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Mo fi páálí ńlá kan ṣe ilé fún ọ ní kọ̀rọ̀ yàrá wa kan ṣoṣo ní Ìbà, mo gé fèrèsé sí i lára. Wàá jókòó sínú rẹ̀, wàá máa fa omi dídì náà mu. Lẹ́yìn náà wàá yọ orí lójú fèrèsé, wàá ní kí n fọwọ́ kan ètè rẹ kí n mọ̀ bó ṣe tutù tó. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ńlá jókòó látìgbà yẹn, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀lẹ́ tó dùn mọ́ mi tó ti yàrá kan yẹn.

Ó dáa. Jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Làmídì kì í kánjú. Á fi etí ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kùn nísàlẹ̀ fíríìsà, á dijú bí ẹni pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí yìnyín bá sì ti dì, kò ní jẹ́ kí oníbàárà lọ. Á dì í lọ́wọ́ mú, á máa bi í: níbo lẹ̀ ń gbé, ta ló máa bá yín gbé e, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àbí ìsàlẹ̀. Àwọn tó kù á tò sẹ́yìn, wọ́n á máa kùn. Ó máa ń bí mi nínú.

Nígbà tí mo lo bí ọdún mẹ́rin níbẹ̀, Ọ̀gá Íkẹ́ fi mí ṣe máníjà, torí mo mọ̀wé díẹ̀, mi ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Rashidi, customer dey wait too long. And some people dey return market. Shebi you get sense? Oya, arrange am.”

Wò ó dáadáa, Rọ́fíà. Ẹ̀sùn méjì ló kó lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn èèyàn ń dúró pẹ́, àwọn kan sì ń dá ọjà padà. Mi ò béèrè èwo ni ká kọ́kọ́ mú. Mi ò béèrè bóyá ohun kan náà ló fà á. Mo dáhùn pé, “Yes sir.” Tí mo bá tún ayé wá, màá kọ́ ẹnu mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo kan tábìlì gígùn mẹ́ta. Mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kún sọ́kẹ́ẹ̀tì kí a lè máa dán fíríìsà mẹ́fà wò pọ̀. Mo ra ṣọ́ọ̀kì fún àmì. Mo kọ ètò tuntun náà sórí páálí funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lókè pátápátá mo kọ pé, ONÍBÀÁRÀ WỌLÉ. Nísàlẹ̀ pátápátá mo kọ pé, YÌNYÍN DÌ, ỌJÀ TÀ. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù wà láàárín méjèèjì, mo sì gbà pé gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìyá rẹ ló bá mi fi rúlà ilé ìránṣọ fa ìlà rẹ̀. Ó dára lójú.

Bọ̀dá Làmídì nìkan ni kò wọ inú páálí yẹn. Mo fi í sórí tábìlì kan, ó ń dán ẹyọ kan wò nígbà tí àwọn tó kù ti dán mẹ́ta wò, torí kò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo kìlọ̀ fún un. Ó ní òun gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún di ọwọ́ ọkùnrin kan mú, ó ń sọ̀rọ̀. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní ẹnu Bọ̀dá Làmídì pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì bá ètò tuntun mu. Ọ̀gá wò mí. Ó ní, “You sure? Na him bring you come o.” Mo ní ó dá mi lójú.

Ó kó súkúrù díráfà rẹ̀ sínú agolo mílíìkì ńlá kan. Kò bínú, èyí ló sì dùn mí jù báyìí. Ó ní, “Ràṣídì, ó yẹ kí o bi mí ohun tí mò ń ṣe kí o tó ní kí n má ṣe é mọ́.”

Mo ní, “Bọ̀dá, gbogbo wa la mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ ń dán fíríìsà wò.”

Ó ní, “Ìyẹn nìkan lo rí?” Ó gbé agolo rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọjà ń tà wìtìwìtì. Kò sí ẹni tó ń tò pẹ́. Ọ̀gá ra mọ́ọ̀tì tútù fún mi mu níwájú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà fíríìsà bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lè padà wá, kó tún pẹ́ kí òmíràn tó dé. Báyìí, wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tó sùn sílé wa tí kò fẹ́ lọ. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ọ̀tọ̀-Àwórì kò tilẹ̀ gbé fíríìsà wá, ẹja ló gbé wá. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ti rà, ó ń rùn. Ó ní, “Máníjà, yìnyín tí o fi hàn mí, gbé e wá kí n fi tọ́jú ẹja mi.” Àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ń pè mí ní Máníjà Ẹlẹ́ja títí ọdún yẹn fi parí.

Kí ni mo ṣe? Mo ní kí wọ́n máa dán fíríìsà kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, lẹ́ẹ̀mẹta. Mò ń fi gbogbo agbára tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ìyá rẹ ló là mí lójú, kò sì mọ̀ pé òun ń là mí lójú. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́, ó ní, “Àwọn tó ń dá a padà yìí, ibo ni wọ́n ń gbé?”

Mo ní, “Kí ni ìyẹn kàn ọ́?”

Ó ní, “Kò kàn mí. Mo kàn ní kí n béèrè ni.”

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo ṣí ìwé tí a ń kọ orúkọ sí. Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ọ̀nà Badagry. Ọ̀tọ̀-Àwórì. Kò sí ẹyọ kan láti Navy Town tó wà nítòsí wa, bẹ́ẹ̀ a tà síbẹ̀ dáadáa. Fíríìsà kan náà ni, yìnyín kan náà. Mo wá fi páálí mi sílẹ̀, mo bá Hunsu, Ègùn tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ẹrù fún wa, lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti rí i. Hunsu da fíríìsà mẹ́rin tó kó dùbúlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà bì wọ́n ṣubú lójú títì. Bẹ́ẹ̀, bí fíríìsà bá dùbúlẹ̀, ọ́ìlì tó wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á ṣàn jáde lọ sínú páìpù. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ọ́ìlì náà tó padà sálẹ̀, kí èèyàn tó tan án. Àwọn ti Navy Town, ọmọlanke ni wọ́n fi ń tì í lọ, ìdúró ló sì máa ń wà. Èmi náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí. Kò wá sí mi lọ́kàn ni, torí lẹ́yìn ìlà ìsàlẹ̀ páálí mi ló wà. A dé ilé oníbàárà, ó gbé fíríìsà wọlé, ó tan án lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo ní, “Hunsu, ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyí látẹ̀yìn wá?”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nígbà tí Làmídì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tan án lọ́jọ́ kan náà. Òun ló máa ń kìlọ̀ fún wọn. Á tún wá bá mi níbi ọkọ̀, á ní, ‘Hunsu, rán wọn létí lọ́hùn-ún o, ọ̀la ni kí wọ́n tan án.’ Nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ mọ́, mo ní bóyá ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ti rí oògùn rẹ̀.”

Rọ́fíà, ohun tí Bọ̀dá Làmídì ń sọ nìyẹn nígbà tó bá di ọwọ́ oníbàárà mú. Níbo lẹ̀ ń gbé, ta ló máa gbé e, òkè ni àbí ìsàlẹ̀. Bó bá mọ̀ pé ọ̀nà jìn, á kìlọ̀ fún wọn. Ìdajì iṣẹ́ náà wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn, mo wò ó, mo pè é ní àròyé. Àwọn díẹ̀ tó ń padà wá tẹ́lẹ̀ ni àwọn tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ṣubú, kó má wo ibi tó ṣubú sí, ibi tó ti kọsẹ̀ ni kó wò. Èmi ò kọsẹ̀ níbi tábìlì. Ibi tí mo ti mú kálàmù, tí mo pinnu fúnra mi pé ibí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti pé ibí ló parí sí, tí mi ò bi ẹnì kan, ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀. Iṣẹ́ wa kì í parí nígbà tí yìnyín bá dì ní Alábà. Ó ń parí nígbà tí ẹja ìyá yẹn bá dì ní Ọ̀tọ̀-Àwórì.

Nítorí náà, èyí ni kìíní tí mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ mi. Kí o tó yí ohunkóhun padà, kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí sílẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ó jẹ́ ti aláìsàn, má jẹ́ kó jẹ́ ti ọ́fíìsì. O ní ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀ níbi káàdì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Bóyá nílé aláìsàn ló ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kan sọ fún un pé kó dé ní kùtùkùtù nígbà tí dókítà kì í dé títí oòrùn á fi mú. Mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, lọ dúró ní ẹnu géètì. Wá màmá àgbà kan, tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì bá a rìn láti géètì títí oògùn fi máa dé ọwọ́ rẹ̀. Bó bá gbà ọ́ láyè, bá a dé ilé.

Èkejì, ya ẹ̀sùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Padà lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sì bi í pé, “Sà, èwo gan-an lẹ fẹ́ kí n tún ṣe?” Bó bá kó mẹ́ta lé ọ lọ́wọ́, ní kó mú ọ̀kan. Bó bá bínú, kó bínú. Ìbínú ọ̀gá kì í pa èèyàn. Èmi mọ̀, mo ti jẹ ẹ́ ju ìrẹsì lọ.

Ẹ̀kẹta, bi ẹni tó wà nídìí iṣẹ́. Má bi í níwájú ọ̀gá rẹ̀, kò ní sọ òótọ́. Lọ jókòó ti Ìyá Ṣadé lásìkò oúnjẹ, kí o sì bi í pé, “Mà, ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn aláìsàn, kí ni?” Kí o wá dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé àròyé lásán ni lóòótọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá mọ̀, ọkàn rẹ á sì balẹ̀ lórí ohunkóhun tí o bá kọ. Ó sì lè jẹ́ pé òun ló ń rí aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń tètè tì í síwájú kí nọ́ọ̀sì tó rí i. Kọ̀ǹpútà kò ní bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o gbọ́ àṣìṣe mi kejì pẹ̀lú, torí mo mọ̀ ọ́: bí mo bá ní kí o rìn jìnnà, o máa rìn kọjá. Èmi gan-an lo jọ.

Nígbà tí mo ti Ọ̀tọ̀-Àwórì dé, mo wá ní gbogbo ayé ni iṣẹ́ mi. Mo lọ bá àwọn tó ń gbé ẹrù sọ́kọ̀ ní Ìyànà Ìbà, mo ní èmi ni màá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń to ẹrù. Wọ́n gbọ́ mi jáde. Olórí wọn wá ní, “Ó dáa, ọ̀gá fíríìsà. Gbé àpò gaàrí yìí ká rí bí ẹ ṣe ń gbé e ní ilé ìwé yín.” Mo gbé e. Ọrùn mi dùn mí fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo tún fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ iná ilé oníbàárà, mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ wọn. Ọ̀gá Íkẹ́ ní, “Rashidi, you wan be governor?”

Ìgbà náà ni mo jókòó, mo gé páálí kékeré kan, mo kọ ohun tó kàn wá àti ohun tí kò kàn wá. Iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá nawọ́ sí fíríìsà kan pé èyí ni òun fẹ́. Ó parí nígbà tó bá tutù nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Iná kò kàn wá. Ọ̀nà kò kàn wá. Bí àwọn ará Ìyànà Ìbà ṣe ń to gaàrí wọn kò kàn wá rárá. Lẹ́yìn tí mo kọ ìyẹn tán, àtúnṣe tó kù kéré débi pé ojú tì mí: igi mẹ́rin àti okùn nínú ọkọ̀ Hunsu kí fíríìsà lè dúró, àti ìwé kékeré lára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni kí ẹ tan mí.” Ó tán. Mi ò nílò tábìlì mẹ́ta. Mi ò nílò láti lé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, kọ ohun tí o kò ní fọwọ́ kàn pẹ̀lú, kí o sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i. Oko tí a kò bá ya ààlà rẹ̀, àdá á wọ ti oníhìn-ín, á wọ ti ọlọ́hùn-ún.

Mo wá Bọ̀dá Làmídì lọ. Ó ti fi páànù mẹ́ta ṣe àtíbàbà kékeré ní Okokomaiko, ó ń tún fáànù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀. Ó ní, “Dìde, aṣọ rẹ.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní ọ̀gá ti gbà kó padà. Ó ń yí bíléèdì fáànù kan lọ́wọ́. Ó ní, “Mo ti gbọ́ lẹ́nu Hunsu. Mi ò bá ọ bínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè padà síbi tí wọ́n ti mọ̀ mí fún ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n tún máa wò mí bóyá mo wúlò.” Ó fún mi ní omi mu.

Mo béèrè àwọn ọmọ. Ó ní wọ́n wà dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó nítòsí ló sọ ìyókù. Ó ní Múínátù, àkọ́bí wọn obìnrin, ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ láti oṣù tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ti lọ kọ́ irun dídì. Ọmọ náà fẹ́ràn ìwé. Mo ní màá rán an padà sílé ẹ̀kọ́. Mo sì gbìyànjú, Rọ́fíà, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà ní òun ti dàgbà ju àwọn tó kù nínú kíláàsì lọ, ojú ń ti òun. Kò padà. Ó ti ní ilé ìdirun tirẹ̀ báyìí, ó sì ń kí mi dáadáa bí mo bá kọjá, ó ń pè mí ní Bọ̀dá Ràṣídì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bàbá rẹ̀ kú. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀, mo wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi níbẹ̀. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi ni, ìbá sàn fún mi.

Nígbà tí o wọ yunifásítì, tí mò ń gbé ọ lọ láàárọ̀, mo máa ń rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Múínátù lójú ọ̀nà. O máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń dákẹ́ bí a bá dé ibẹ̀. Mo máa ń sọ pé títì ni mò ń wò.

Àṣàkẹ́, ọmọ tí mo bí nígbà ọ̀dọ́ mi, mi ò sọ pé kí o má ṣe iṣẹ́ rẹ. O gbọ́n jù mí lọ, o kàwé jù mí lọ, orí mi sì máa ń wú bí mo bá rántí pé wọ́n pe ọmọ Ràṣídì láti wá tún ilé ìwòsàn ṣe. Mi ò tilẹ̀ sọ pé kí kọ̀ǹpútà má wọ yàrá káàdì. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ ọ́ fún. Ní ọjọ́ Ajé, yọ ìlà tó kan àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn kúrò nínú ìwé rẹ, kí o sì ní kí wọ́n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i láti mọ ibi tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Tábìlì ṣeé tú, páálí ṣeé ya, kọ̀ǹpútà ṣeé dá padà fún ẹni tó tà á. Ẹni tí a bá lé lọ, a lè má tún rí i mú padà.

Wọ́n lè sọ pé o lọ́ra. Wọ́n lè sọ pé o kò mọ iṣẹ́ rẹ. Bó bá tilẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí o máa lọ nítorí pé o ní o fẹ́ kọ́kọ́ béèrè, máa bọ̀ nílé. Màá wá gbé ọ fúnra mi. Ìyá rẹ á se oúnjẹ, a ò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan, wàá sì sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé Ìyá Ṣadé nítorí ohun tí o kò bi í, kò sí ilé tí mo lè mú ọ wá tí o kò ní máa bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Mo ti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí o ti jẹ́ ọmọ kékeré.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ràṣídì